Ìgbésí Ayé Albert Namatjira, Ayàwòrán

Ìbéèrè: Kọ ìtàn ìgbésí ayé gbajúmọ̀ ènìyàn kan tí ó ti di olóògbé tipẹ́, kí o sì sọ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìlapa Èrò
(i) Ìfáàrà: ẹni tí Namatjira jẹ́ àti ilẹ̀ tí ó ti wá
(ii) Ìbí rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ àti ìgbéyàwó rẹ̀
(iii) Bí ó ṣe kọ́ àwòrán yíyà àti bí òkìkí rẹ̀ ṣe kàn
(iv) Ẹbí rẹ̀ àti òfin ìjọba
(v) Ẹjọ́ rẹ̀ àti ikú rẹ̀
(vi) Ohun tí ojú àwọn ọmọ rẹ̀ rí lẹ́yìn rẹ̀
(vii) Ìkádìí: ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí òwe yìí, ọkàn mi a lọ sọ́dọ̀ Albert Namatjira, ayàwòrán ará Ọsirélíà. Ìwọ òǹkàwé mi, ó ṣeé ṣe kí o má tíì gbọ́ orúkọ yìí rí, nítorí ọ̀nà jìn sí ibi tí ọkùnrin náà gbé lo ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Ọsirélíà, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tí a ń pè ní Abọ́ríjìnì, tí àwòrán yíyà sọ di olókìkí jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Àwọn aláwọ̀ funfun yẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n wọn kò ka òun alára sí ènìyàn bí ara wọn. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kà á sí, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni wọ́n kà, wọ́n fi àwọn ọmọ àti ìbátan rẹ̀ sílẹ̀ lóde. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Fi ara balẹ̀ kí o gbọ́ bí ó ti rí.

Kí ìtàn náà lè yé ọ, ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí a ń sọ. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá tẹ̀dó sí Ọsirélíà ní ọdún 1788, àwọn Abọ́ríjìnì ti wà níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yà wọn pọ̀, èdè wọn sì pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀yà Arrernte, tí wọ́n ń gbé ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, níbi tí ilẹ̀ gbé pupa bí osùn, tí òjò kò sì wọ́pọ̀. Lójú àwọn ènìyàn yìí, kò sí òkè, kò sí àpáta, kò sí kànga tí kò ní ìtàn. Ìtàn bí àwọn baba ńlá wọn ṣe rìn kọjá ní ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó so mọ́ ibi kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ni ó sì ní ibi tí a fi lé e lọ́wọ́ láti máa tọ́jú. Nígbà tí ó di bí ọdún 1870 síwájú, àwọn aláwọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí kó màlúù wọ agbègbè náà. Màlúù mu omi tán, wọ́n tẹ koríko mọ́lẹ̀, ẹran ìgbẹ́ tí àwọn onílẹ̀ ń pa jẹ sì ń dín kù. Ní ọdún 1877, àwọn míṣọ́nnárì ará Jámánì tí wọ́n jẹ́ ìjọ Lutheran dá ibùdó kan sílẹ̀ létí odò Finke, ní ibi tí àwọn Arrernte ń pè ní Ntaria. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Hermannsburg. Ó tó nǹkan bí 130 kìlómítà sí ìlú Alice Springs.

Ní Hermannsburg yìí ni a bí Namatjira sí ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 1902. Elea ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ọdún 1905 tí bàbá àti ìyá rẹ̀ gba ẹ̀sìn Kristi, a ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà, a sì sọ ọ́ ní Albert. Bí ó ti ń dàgbà, kò gbé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Inú ilé tí míṣọ̀n kọ́ fún àwọn ọmọkùnrin ni ó ń sùn, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé àti orin ìjọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, wọ́n mú un lọ sínú igbó, wọ́n sì ṣe fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ọmọkùnrin tí ó fẹ́ di géńdé láàrin wọn. Wọ́n kọ́ ọ ní orin ilẹ̀ wọn, wọ́n sì fi àwọn ibi tí ó jẹ́ ti ìran rẹ̀ hàn án. Nítorí náà, láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti ń gbé ẹ̀kọ́ méjì rìn.

Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 18, ó rí ọmọbìnrin kan tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ilkalita, ọmọ ẹ̀yà Kukatja. Láàrin àwọn Arrernte, ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni a pín gbogbo ènìyàn sí láti ọjọ́ ìbí, ìsọ̀rí tí ènìyàn bá bọ́ sí ni yóò sì sọ ibi tí ó ti lè fẹ́ aya. Ìgbéyàwó yìí kò bá ìlànà náà mu. Àwọn méjèèjì fi Hermannsburg sílẹ̀, wọ́n sì lọ ń gbé ní òkèèrè títí di ọdún 1923 tí wọ́n padà wá. Nígbà náà ni Ilkalita ṣe ìrìbọmi, tí a sì ń pè é ní Rubina. Mẹ́jọ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí ni ó yè: ọkùnrin márùn-ún, Enos, Oscar, Ewald, Keith àti Maurice, àti obìnrin mẹ́ta, Maisie, Hazel àti Martha.

Bíbọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe eré. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ọ̀dá òjò líle kan mú gbogbo agbègbè náà. Ewébẹ̀ kò sí, èso kò sí, àìsàn tí ó máa ń mú kí erìgì ènìyàn ṣẹ̀jẹ̀ sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé ní Hermannsburg. Namatjira kò sá fún iṣẹ́ kankan. Ó ṣe alágbẹ̀dẹ, ó ṣe káfíńtà, ó da màlúù, ó sì fi ràkúnmí kó ẹrù. Lọ́dọ̀ míṣọ̀n, oúnjẹ ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ fún un. Pásítọ̀ Albrecht, tí ó jẹ́ olórí míṣọ̀n láti ọdún 1926, rí i pé ọwọ́ ọkùnrin náà mọ nǹkan ṣe. Ó gbà á níyànjú pé kí ó máa fi irin gbígbóná ya àwòrán sára pákó igi mulga tí ó gbó dáadáa, kí a lè máa tà á fún àwọn àlejò. Báyìí ni iṣẹ́ ọnà ṣe wọ ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1934, àwọn ayàwòrán méjì láti Melbourne, Rex Battarbee àti John Gardner, pàtẹ àwòrán wọn ní Hermannsburg kí àwọn ará ibẹ̀ lè rí i. Battarbee jẹ́ jagunjagun tí ó fara gbọgbẹ́ púpọ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀dà tí a fi omi pò ni ó fi ń ya òkè àti àfonífojì sórí bébà. Nígbà tí Namatjira rí àwòrán òkè tí òun mọ̀ láti kékeré, ó pinnu pé òun náà yóò ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 1936 tí Battarbee padà wá, Namatjira bá a ṣe àdéhùn pé òun yóò máa da ràkúnmí rẹ̀, kí òun náà sì máa kọ́ òun ní iṣẹ́. Wọ́n rìn fún bí oṣù méjì ní àfonífojì Palm Valley àti láàrin àwọn òkè MacDonnell. Ọmọ ọdún 34 ni Namatjira nígbà náà, ó sì ti bí ọ̀pọ̀ ọmọ. Kò wí pé òun ti dàgbà jù láti di ọmọ iṣẹ́. Kí ìrìn náà tó parí, ọ̀gá rẹ̀ ti rí i pé ọmọ iṣẹ́ yìí kò ní pẹ́ di ọ̀gá.

Ní ọdún 1937, Battarbee mú mẹ́ta nínú àwòrán rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ nígbà tí ó ṣe ìpàtẹ ní Adelaide. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1938, Namatjira ní ìpàtẹ tirẹ̀ gan-an ní Melbourne. Àwòrán 41 ni ó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì rà tán láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ní àkókò yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ bàbá rẹ̀, Namatjira, mọ́ Albert sí ẹsẹ̀ àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1939, ilé ìṣẹ́ ọnà ìjọba ní Adelaide ra ọ̀kan. Láti ìgbà náà lọ, bí ó bá ti pàtẹ ní Sydney, ní Melbourne tàbí ní Adelaide, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń du iṣẹ́ rẹ̀ rà. Ní ọdún 1944, a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn gbajúmọ̀ Ọsirélíà sí. Ní ọdún 1953, a fún un ní àmì ẹ̀yẹ ìwúyè Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a mú un lọ sí Canberra, ó sì dúró níwájú Ọbabìnrin. Ayàwòrán kan tí ń jẹ́ William Dargie ya àwòrán ojú Namatjira, àwòrán náà sì gba ẹ̀bùn Archibald ti ọdún 1956, ẹ̀bùn tí ó lókìkí jù nílẹ̀ náà fún yíya àwòrán ojú ènìyàn.

O lè béèrè pé kí ni ó wà nínú àwòrán wọ̀nyí. Òkè aláwọ̀ àlùkò ni, ilẹ̀ pupa, ojú ọ̀run tí ó mọ́ kedere, àti igi kan tí èèpo rẹ̀ funfun báláú tí ó dá dúró níwájú. Àwọn kan nínú àwọn alámọ̀jà ìgbà náà fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú wò ó, wọ́n ní ó kàn ń fara wé aláwọ̀ funfun ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá wò ó fínnífínní lẹ́yìn náà rí ohun mìíràn. Kì í ṣe òkè kan ṣáá ni Namatjira ń yà. Ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀ ni, ibi tí àwọn àgbà mú un dé nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ohun tí ó jẹ́ ẹwà lásán lójú ẹni tí ó rà á jẹ́ ìwé ilẹ̀ lójú ẹni tí ó yà á. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi kọ́ iṣẹ́ náà, tí àwọn ìbátan àti aládùúgbò sì tẹ̀ lé wọn, lára wọn ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Pareroultja mẹ́ta, Edwin, Otto àti Reuben. Títí di òní, ẹgbẹ́ ayàwòrán Hermannsburg ni a ń pè wọ́n.

Wàyí o, owó dé. Níbi tí owó bá dé, ẹbí a dé. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, òfin àwọn Arrernte náà sì rí bẹ́ẹ̀: ohun tí ènìyàn bá rí, ti gbogbo ìbátan ni. Bí ọdẹ bá pa ẹran, ó mọ ẹni tí yóò gba itan àti ẹni tí yóò gba apá. Namatjira fi ojú kan náà wo owó àwòrán. Ó ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ó ra ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń fi gbé wọn kiri, gbogbo ẹni tí ó sì lè pè é ní ẹ̀gbọ́n tàbí ní bàbá ni ó ń rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun kan pe èyí ní ìnákúnàá. Ìwọ tí o mọ ohun tí à ń pè ní ẹbí kò ní pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ìlú kò jẹ́ kí ó lè fi owó náà fìdí múlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1949 sí 1950, ó tọrọ àṣẹ láti gba ilẹ̀ tí yóò ti máa sin màlúù, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Wọn kò fún un. Ní ọdún 1951, ó fẹ́ kọ́ ilé sí Alice Springs. Wọ́n sọ fún un pé òfin kò gbà kí Abọ́ríjìnì ní ilẹ̀ nínú ìlú náà. Ọkùnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ilé àwọn ọlọ́lá ní Sydney wá lọ pa àgọ́ sí Morris Soak, ibi odò gbígbẹ kan lẹ́yìn ìlú. Síbẹ̀, wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun. Ìlú kò gbà á lálejò, ṣùgbọ́n ìlú ń gba owó rẹ̀.

Ní ọdún 1957, òfin tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè Northern Territory. Ìjọba kọ orúkọ àwọn Abọ́ríjìnì tí ó lé ní 15,000 sínú ìwé kan, ó sì sọ ara rẹ̀ di alágbàtọ́ fún wọn. Àgbà tí irun ti funfun lórí rẹ̀ kò lè mu ọtí, kò lè dìbò, kò sì lè lọ gbé ibi tí ó wù ú láìgba àṣẹ, bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni. Wọn kò kọ orúkọ Namatjira àti Rubina sínú ìwé náà. Ojú ń ti ìjọba láti pe irú gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọwọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, tọkọtaya náà di ọmọ ìlú lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Wọ́n lè dìbò, wọ́n lè kọ́ ilé, wọ́n sì lè wọ ilé ọtí. Àwọn ìwé ìròyìn yọ̀ mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n rò ó wò, ìwọ òǹkàwé. Bàbá di ọmọ ìlú, àwọn ọmọ kò dì í. Bàbá lè ra ọtí, ṣùgbọ́n bí ó bá bu ife kan fún ọmọ rẹ̀ tàbí fún ìbátan rẹ̀, ó ti di ọ̀daràn. Òfin àwọn baba rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó ní ni kí ó fún ẹni tí kò ní. Òfin ìjọba sọ pé bí ó bá fún un, ẹ̀wọ̀n ni. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè pa òfin méjèèjì mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀bùn di okùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1958, wọ́n pa obìnrin kan nínú àgọ́ Morris Soak níbi tí àwọn ènìyàn ti ń mutí. Kì í ṣe Namatjira ni ó pa á, kò sì lọ́wọ́ nínú ìjà náà, ṣùgbọ́n adájọ́ bá a wí gidigidi pé ọtí tí ó gbé wọ àgọ́ ni ó fa ọ̀ràn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọlọ́pàá fi mú un pé ó fún ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, ní ọtí. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì ní kí ó lọ ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Ariwo ta káàkiri Ọsirélíà. Àwọn ènìyàn ń béèrè pé irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni kí ènìyàn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọtí. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ gíga agbègbè náà sì dín ìdájọ́ kù sí oṣù mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà kò gbà láti tún ẹjọ́ gbọ́. Mínísítà Paul Hasluck wá dá sí ọ̀rọ̀ náà pé kí ó má ṣe wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ó lọ lo àkókò rẹ̀ ní ibùdó Papunya.

Oṣù méjì ni ó lò níbẹ̀ ní ọdún 1959 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹni tí ó jáde kì í ṣe ẹni tí ó wọlé mọ́. Ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́, àwòrán yíyà kò sì wù ú mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Àìsàn ọkàn mú un, otútù àyà sì wá kún un. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 1959, ó dágbére fún ayé ní ilé ìwòsàn Alice Springs. Ọmọ ọdún 57 ni. A sin ín ní ìlànà ìjọ Lutheran sí ìtẹ́ òkú Alice Springs. Ìlú tí kò jẹ́ kí ó fi ilẹ̀ kọ́ ilé wá fún un ní ilẹ̀ tí ó sùn sí.

Bí bàbá bá kú, a máa ń retí pé kí ogún rẹ̀ tọ́jú àwọn ọmọ. Namatjira kò ní màlúù. Ogún pàtàkì tí ó fi sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ lórí àwòrán rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tẹ àwòrán náà sínú ìwé, sára káàdì tàbí sára kàlẹ́ńdà gbọ́dọ̀ san owó. Ní ọdún 1957, ó ti bá ilé ìtẹ̀wé Legend Press ṣe àdéhùn pé àwọn nìkan ni kí ó máa tẹ àwòrán òun, kí wọ́n sì máa yọ ìdá kan nínú owó fún òun. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ogún náà bọ́ sí abẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú ohun ìní àwọn olóògbé. Ní ọdún 1983, òṣìṣẹ́ náà ta gbogbo ẹ̀tọ́ yìí fún ilé ìtẹ̀wé náà ní dọ́là Ọsirélíà 8,500. Wọn kò bi àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ léèrè. Láti ọjọ́ náà, bí a bá tẹ àwòrán bàbá wọn nígbà ẹgbẹ̀rún, kọ́bọ̀ kan kò kàn wọ́n. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ya àwòrán títí ọlọ́jọ́ fi dé, ṣùgbọ́n ìṣẹ́ kò fi ilé wọn sílẹ̀.

Síbẹ̀, ayé ń yí. Ní ọdún 1967, àwọn ará Ọsirélíà dìbò pé kí a máa ka àwọn Abọ́ríjìnì mọ́ àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà, ó sì lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò tí ó fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1971, ní Papunya kan náà tí wọ́n ti há Namatjira mọ́, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀dà kọ ìtàn ilẹ̀ wọn sára pákó, iṣẹ́ wọn sì di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Ní ọdún 1976, òfin jáde pé kí àwọn onílẹ̀ Northern Territory lè gba ilẹ̀ wọn padà, ní ọdún 1982 sì ni a dá ilẹ̀ Hermannsburg padà fún àwọn tí ó ni ín. Àdánù náà kò ṣàì wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, a bá àwọn igi funfun méjì tí Namatjira sọ di olókìkí nínú àwòrán rẹ̀ tí iná ti jó wọn.

Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n ń ya àwòrán lọ ní ilé iṣẹ́ Iltja Ntjarra ní Alice Springs, wọ́n sì ń pariwo pé kí a dá ogún bàbá àwọn padà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn sórí ìtàgé, wọ́n rìnrìn-àjò dé ìlú London, Ọbabìnrin tí bàbá wọn àgbà kí ní ọdún 1954 sì gbà wọ́n lálejò ní ààfin ní ọdún 2013. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2017, ẹ̀tọ́ náà padà sọ́wọ́ ẹbí. Dọ́là kan ṣoṣo ni ilé ìtẹ̀wé gbà, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Dick Smith, tí ó bá wọn dá sí i, sì fi 250,000 dọ́là ta àjọ ẹbí náà lọ́rẹ. Ọdún 34 ni ogún wọn fi wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yẹ kí ó jẹ nínú rẹ̀ ti lọ sí àjùlé ọ̀run.

Ní ọdún 2020, a tún gbọ́ orúkọ Namatjira níbi ẹ̀bùn Archibald. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ọ, ojú Albert ni ẹlòmíràn yà tí ó fi gba ẹ̀bùn. Lọ́tẹ̀ yìí, Vincent Namatjira, ọmọ tí ọmọ-ọmọ Albert bí, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú gègé. Òun ni Abọ́ríjìnì àkọ́kọ́ tí yóò gba ẹ̀bùn náà láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1921.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí o mú nínú ìtàn yìí. Èkíní, ẹ̀kọ́ kò pẹ́ jù fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún 34 ni Namatjira nígbà tí ó fi ọ̀nà da ràkúnmí san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èkejì, bí o bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, bi ara rẹ léèrè ohun tí yóò bá àwọn ọmọ rẹ lẹ́yìn rẹ, kí o sì jẹ́ kí ẹbí rẹ mọ ibi tí ìwé náà wà. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí o bá dé ipò àṣẹ ní ọjọ́ iwájú, má ṣe yan ẹnìkan ṣoṣo láàrin àwọn tí a ń rẹ́ jẹ, kí o fún un ní ẹ̀tọ́, kí o sì rò pé o ti ṣe oore. Ẹ̀tọ́ tí kò kan ọmọ àti ará ilé ènìyàn, ẹrù ni í dà sí onítọ̀hún lórí. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún Albert Namatjira, ẹrù náà sì wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń ya òkè wọ̀nyẹn títí di òní.